Tí Ìwà Ọmọ Bá Yí Padà Lójijì, Ẹ Kọ́kọ́ Wo Ohun Tó Ń Gbé Mì

Ẹ dín iná ọbẹ̀ kù díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tòní kì í ṣe ti ibà, kì í ṣe ti ìgbẹ́ gbuuru. Ọ̀rọ̀ ọpọlọ àwọn ọmọ wa ni.

Ẹ jẹ́ kí n béèrè nǹkan kan. Tí ọmọ ọdún 15 tó máa ń ṣe ipò kẹta ní kíláàsì bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ipò ogójì, kí la máa ń sọ nílé? Àwọn kan á ní ó ti ya ọ̀lẹ. Àwọn kan á ní àwọn ọ̀rẹ́ ló bà á jẹ́. Ìyá mìíràn á rọra sọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, á ní, "Tàǹtí, ìyàwó bàbá rẹ̀ ló mú un lórí." Gbogbo rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ní ẹnu ọ̀nà yàrá ìtọ́jú. Èyí tí mi ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ni ìyá tó máa wọlé tó máa sọ pé, "Tàǹtí, ẹ bá mi wò ó, ó lè jẹ́ pé ó ń lo nǹkan." Nígbà tí ẹnì kan bá fi máa sọ bẹ́ẹ̀, ọdún kan ti lọ, nígbà mìíràn ọdún méjì.

Nǹkan méjì ni mo fẹ́ mú nínú àwọn ohun tí wọ́n ń lò: igbó tí wọ́n ń fà, àti tramadol tí wọ́n ń gbé mì. Sódàbì náà wà níbẹ̀, àmọ́ ẹ̀yin náà mọ sódàbì, ẹ mọ òórùn rẹ̀ lẹ́nu ọmọ. Tramadol ò ní òórùn. Ọmọ lè gbé e mì kó wá jókòó tì yín, kó bá yín ka owó ọjà.

Kí n tó sọ ohun tí wọ́n ń ṣe, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí ọpọlọ ọmọ ṣe rí. Ọpọlọ kì í gbó tán ní ọjọ́ tí ọmọ bá ga ju bàbá rẹ̀ lọ. Ó máa ń tó nǹkan bí ọdún 25 kó tó gbó tán. Apá ẹ̀yìn ló ń kọ́kọ́ gbó, apá iwájú, èyí tó wà lẹ́yìn iwájú orí wa yìí gan-an, ló ń kẹ́yìn. Apá iwájú yẹn ni ìyálọ́jà ọpọlọ. Òun ló ń sọ pé dúró ná, rò ó wò, má ná owó yẹn, má dá àgbà lóhùn. Apá tó ń fẹ́ adùn kíákíá, ìyẹn ti jí tipẹ́. Ẹ wá fojú inú wo ọjà tó ti kún, tí ariwo ti sọ, tí ìyálọ́jà ò tíì dé. Bí orí ọmọ ọdún 15 ṣe rí nìyẹn, kódà tí kò bá lo nǹkankan. Bí Ọlọ́run ṣe dá a ni.

Ìgbà yẹn náà ni ọpọlọ ń to ara rẹ̀. Tí àgbàdo bá hù pọ̀ jù lójú kan, a máa ń fa àwọn kan tu kí àwọn yòókù lè ráyè. Ọpọlọ ọmọ ń ṣe bẹ́ẹ̀: ọ̀nà tí ọmọ ń lò, ó ń dì í mú, èyí tí kò lò, ó ń fà á tu. Ó sì tún ń fi ọ̀rá bo àwọn okùn tó ń gbé ọ̀rọ̀ láti apá kan sí èkejì, bí rọ́bà ṣe ń bo wáyà iná. Oògùn tó bá wọlé nírú àkókò yìí bá àwọn òṣìṣẹ́ lórí ilé tí wọn ò tíì kọ́ tán. Ìdí nìyẹn tí ohun tí bàbá ẹni 50 ọdún ń lò tí nǹkankan ò hàn lára rẹ̀ fi lè ba ọmọ ọdún 14 jẹ́.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká mú igbó. Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé, "Tàǹtí, ewé lásán ni." Mo gbà pé ewé ni. Ewé ni tábà náà.

Nǹkan kan wà tí ọpọlọ wa fúnra rẹ̀ ń ṣe, tó fi ń sọ fún apá kan pé kó rọra, fún òmíràn pé kó ṣiṣẹ́. Ohun tó wà nínú igbó, tí wọ́n ń pè ní THC, jọ nǹkan yẹn, á wá lọ jókòó sórí àga onílé. Ọ̀kan lára ibi tó ń jókòó sí jù ni ibi tí a ń kó ohun tuntun pamọ́ sí. Ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ kọ́ ọmọ láàárọ̀ kò ní rí ibi dúró. Ẹ ó rán an níṣẹ́ mẹ́ta, á jẹ́ ọ̀kan. Kì í ṣe pé ó ń fi yín ṣẹ̀sín. Kò rántí ni.

Ní New Zealand, ní ìlú Dunedin, àwọn oníṣègùn mú àwọn ọmọ tó lé ní 1,000 tí wọ́n bí ní 1972 sí 1973, wọ́n sì ń tẹ̀lé wọn láti kékeré. Wọ́n dán làákàyè wọn wò ní ọmọdé, wọ́n tún dán an wò nígbà tí wọ́n pé ọdún 38. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní 2012 sọ pé àwọn tó bẹ̀rẹ̀ igbó kí wọ́n tó pé ọdún 18, tí wọ́n sì ń fà á lọ láìdáwọ́ dúró, làákàyè wọn wálẹ̀. Èyí tó wálẹ̀ jù tó máàkì mẹ́jọ. Àwọn tó dàgbà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ò rí irú ìwálẹ̀ yẹn. Àwọn onímọ̀ mìíràn ti bá wọn jiyàn, wọ́n ní ó lè jẹ́ pé ilé tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti jáde ló fà á, kì í ṣe igbó nìkan. Àríyànjiyàn náà ò tíì parí. Èmi gẹ́gẹ́ bí ìyá ọlọ́mọ, mi ò ní dúró kí wọ́n parí rẹ̀ kí n tó dáàbò bo ọmọ mi.

Orí tó ń dàrú ńkọ́? Ní Sweden, wọ́n wo àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó lé ní 45,000 tí ìjọba pè wá ṣe ológun, wọ́n tẹ̀lé wọn fún ọdún 15. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1987. Àwọn tó ti fa igbó ju ìgbà 50 lọ nígbà tí wọ́n wà ní bí ọdún 18, àìsàn ọpọlọ ńlá, èyí tí èèyàn fi ń gbọ́ ohùn ẹni tí kò sí níbẹ̀, mú wọn ní ìlọ́po mẹ́fà ju àwọn tí kò fà á rí lọ. Nígbà tí wọ́n yọ àwọn ìṣòro mìíràn tó wà nínú ayé wọn kúrò, iye yẹn dín kù, àmọ́ ó ṣì ju ti àwọn yòókù lọ. Ẹ má ṣi mí gbọ́ o. Ọ̀pọ̀ tó fa igbó, orí wọn ò dàrú. Ṣùgbọ́n tí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ bá ti wà nínú ẹbí, bóyá ẹ̀gbọ́n ìyá tàbí bàbá bàbá, ọmọ yẹn ń fi iná ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹntiróòlù ni.

Mo wá dé orí tramadol, níbi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa ọlọ́jà gan-an.

Tramadol kì í ṣe oògùn burúkú. Ilé iṣẹ́ kan ní Jámánì ló kọ́kọ́ tà á ní 1977, fún ìrora. Èmi náà máa ń fún aláìsàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún. Dókítà á kọ ọ́, bóyá 50 mílígíráàmù, á sọ iye ọjọ́. Èyí tí àwọn ọmọ ń rà lójú ọ̀nà, ẹ lọ wo ara páálí rẹ̀: 200, 225, 250 lórí hóró kan ṣoṣo. Wọ́n sì ń lo méjì, mẹ́ta. Ohun tí wọ́n kọ sára páálí náà lè má jẹ́ òótọ́.

Kí nìdí tí wọ́n fi ń lò ó? Ẹ má rò pé gbogbo wọn ń wá fàájì. Èyí tó ń gun zémidjan láti òwúrọ̀ títí di òru ò fẹ́ kí ẹ̀yìn ro òun. Èyí tó ń ru àpò sìmẹ́ńtì, èyí tó ń kó bídọ̀nù kpayo gba ọ̀nà oko lóru, ó ń wá agbára. Èyí tó fẹ́ ṣe ìdánwò BEPC ò fẹ́ sùn. Tramadol fún wọn ní ohun tí wọ́n ń wá, ní oṣù àkọ́kọ́. Kò rẹ̀ wọ́n, ebi ò pa wọ́n, ẹ̀rù ò bà wọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọpọlọ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ọ̀kan ò tó mọ́. Bọ́ọ̀lù tó máa ń dùn mọ́ ọn kò dùn mọ́. Iyán ò dùn, ẹ̀fẹ̀ ò dùn. Ọpọlọ ti gbàgbé bí a ṣe ń yọ̀ láìgba oògùn. Ìbànújẹ́ tí ẹ rí lójú ọmọ yẹn kì í ṣe ìbínú sí yín.

Ohun tó tún yà á sọ́tọ̀ ni pé ó lè fa gìrì. Ọmọ tí kò ní wárápá rí á ṣubú, á máa gbọ̀n, itọ́ á máa yọ lẹ́nu rẹ̀.

Ìyá kan tó ń ta gàrí gbé ọmọ rẹ̀ ọmọ ọdún 16 wá bá wa. Ó ti ṣubú lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín oṣù kan, ẹ̀ẹ̀kan nínú rẹ̀ láàárín ọjà. Wọ́n ti fi ata sí i lójú. Wọ́n ti fún un ní àgbo tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù ṣe. Wọ́n ti gbé e lọ síbi mẹ́ta, owó tí ìyá fi ń ra gàrí ti tán, àwọn ará ilé ò sì bá ìyàwó àbúrò bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́, nítorí òun ni wọ́n dárúkọ. Mo ní kí ìyá lọ ra omi wá fún mi. Nígbà tó jáde, mo béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà, láìgbé ohùn sókè, pé hóró mélòó ló ń lò lóòjọ́. Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Mẹ́rin. Tàǹtí, tí mi ò bá lò ó, bídọ̀nù ò ní gbé." Owó bídọ̀nù yẹn ló fi ń ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ láti san owó ilé ìwé àwọn àbúrò. Ìyá ò mọ̀. Ó rò pé Ọlọ́run ló fún ọmọ òun lágbára.

Dókítà bá a dín oògùn náà kù díẹ̀díẹ̀, gìrì dúró. Ilé ìwé ò rí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ó tún kíláàsì ṣe, ó wá lọ kọ́ iṣẹ́ káfíńtà. Ó sọ fún mi pé ìṣirò tí òun máa ń fi orí ṣe, òun ní láti kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n ó wà láàyè, ó ń ṣiṣẹ́. Ìyàwó àbúrò bàbá rẹ̀ ni kò tíì rí ẹni tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Níbo ni hóró yẹn ti ń wá? Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó ń ti inú agbọ̀n wá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ magí àti ìṣáná. Ẹ rántí ọdún 2017, nígbà tí ìjọba Benin gbógun ti oògùn ọjà, tí wọ́n wọ Adjégounlè ní ọjà Dantokpa, ní Kútọnu. Oògùn kò tán. Ó sá wọ abẹ́ aṣọ ni, ó sá wá sí àwọn ọjà kéékèèké wa. Àwọn kan nínú wa ń tà á láìmọ̀ pé òun nìyẹn, ẹni tó kó o fún wọn sọ pé oògùn ara ríro ni. Àwọn kan mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀, ọmọ tó ń rà á lọ́wọ́ yín, ọmọ ẹni tó pàtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ni.

Kí ẹ lè mọ bó ṣe tàn kálẹ̀ tó: ní 2013, àwọn onímọ̀ kan kéde pé àwọn rí tramadol nínú gbòǹgbò igi ègbèsì ní àríwá Cameroon. Ègbèsì tí ẹ̀yin elewé omo ń tà náà ni. Àwọn onímọ̀ mìíràn padà lọ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kì í ṣe igi ló ṣe é. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ló ń lò ó láti fi ṣiṣẹ́ nínú oòrùn, wọ́n tún ń fún màlúù wọn. Ìtọ̀ wọn ló gbé e wọlẹ̀, tí gbòǹgbò fi mu ún.

Àwọn àmì tí ìyá lè rí: ojú pípọ́n fún ẹni tó ń fa igbó. Fún ẹni tó ń lo tramadol, ẹyinjú dúdú á kéré bí ẹnu abẹ́rẹ́, á máa họra, ìgbẹ́ ò ní yọ fún un, kò ní sùn lóru, á wá sùn bí òkú lọ́sàn-án. Owó kéékèèké á máa sọnù. Ẹ wo abẹ́ ibùsùn àti àpò ṣòkòtò nígbà tí ẹ bá ń fọṣọ. Ẹ má sì fi ọmọbìnrin sílẹ̀. Tirẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó hàn, nítorí kò sẹ́ni tó ń retí rẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Tí ẹ bá rí i, ẹ má pariwo lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹni tí oògùn ṣì wà lára rẹ̀ ò lè gbọ́ yín. Ẹ dúró di òwúrọ̀, kí ó jẹ́ ẹ̀yin méjì péré, kí ẹ béèrè pé, "Kí ni ó ń ṣe fún ọ?" Ẹ má kọ́kọ́ béèrè pé ta ló fún un. Tí ó bá ní ẹ̀yìn ń ro òun, tí ó bá ní òun ò lè sùn láti ìgbà tí bàbá òun ti kú, ẹ ti rí ibi tí ìtọ́jú máa gbà wọlé.

Ẹ má sì tì í mọ́lé kí ó lè jáwọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ti ń lo púpọ̀, tó bá dúró lójijì, á máa yán, imú á máa ṣàn, òógùn á bò ó, inú á máa run ún, ẹsẹ̀ ò ní dúró lójú kan. Tramadol ní ti pé ó ń ṣiṣẹ́ méjì nínú ọpọlọ, nítorí náà ẹlòmíràn tún máa ń rí ohun tí kò sí, ẹ̀rù á máa bà á. Níbí ni àwọn ìyá ti máa ń sọ pé, "Ẹ ò rí i, ẹ̀mí àìmọ́ ni," tí wọ́n á gbé ọmọ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de èèyàn mọ́ igi. Àdúrà kò bá oògùn jà, ẹ máa gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n de ọmọ yín. Ọmọ Benin wa kan, Grégoire Ahongbonon, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títún táyà ṣe ní Côte d'Ivoire, ló dìde láti máa tú irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ Saint Camille tó dá sílẹ̀ ní ilé ìtọ́jú ní Avrankou, nítòsí Àjàṣẹ́. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba wà ní Kútọnu, ní Jacquot, àti ní Zébé lẹ́bàá Aného fún àwọn ará Togo. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn tó wà ní àdúgbò yín, àwọn ló máa tọ́ yín sọ́nà.

Tí ó bá ṣubú tó ń gbọ̀n: ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ kó ohun tó lè ṣe é léṣe kúrò. Ẹ má fi ṣíbí sí i lẹ́nu, ẹ má da epo tàbí mílíìkì sí i lọ́fun, ẹ má ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná. Tí ó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, tàbí tí ó tún bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé e lọ. Tí ó bá mu sódàbì mọ́ ọn, tí èémí rẹ̀ ń falẹ̀, tí ètè rẹ̀ dúdú, tí ẹ jí i tí kò jí, ẹ má dúró de bàbá rẹ̀ kó tó dé. Ẹ mú páálí oògùn náà dání, ẹ má fi bò. Abẹ́rẹ́ wà tó lè dá èémí padà tí a bá tètè mọ ohun tó lò. A ò ní pe ọlọ́pàá sí ọmọ yín.

Ṣé ọpọlọ tó ti bàjẹ́ lè padà? Ọ̀pọ̀ yín ló ń bi mí léyìí. Ní Boston, ní Amẹ́ríkà, wọ́n mú àwọn ọ̀dọ́ ọmọ ọdún 16 sí 25 tó ń fa igbó déédéé, wọ́n ní kí àwọn kan dáwọ́ dúró fún oṣù kan. Ìwé rẹ̀ jáde ní 2018: agbára wọn láti kọ́ ohun tuntun kí wọ́n sì rántí rẹ̀ ti dára sí i, àyípadà náà sì ti hàn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀yin ìyá mi. Ọpọlọ kan náà tó rọ̀ tí oògùn fi tètè wọ̀ ọ́, rírọ̀ yẹn náà ló ń jẹ́ kó tètè gbà ìtọ́jú. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń padà, ẹ ti gbọ́ ti ọmọ káfíńtà. Ẹni tó bá tètè wá ń gba púpọ̀ padà ju ẹni tó pẹ́ lọ.

Ìyá kan ránṣẹ́ sí wa láti Pobẹ̀, ó ní ọmọ òun fẹ́ jáwọ́, àmọ́ ó ní tí bàbá òun bá gbọ́, òun á sá lọ sí Nàìjíríà. Ìyá mi, ẹ mú un wá láàárọ̀ ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà, tí èrò ò pọ̀. Ohun tó bá sọ nínú yàrá, inú yàrá ló máa wà. Tí kò bá fẹ́ bá yín wá, ẹ̀yin nìkan ẹ máa bọ̀, ká jọ sọ bí ẹ ṣe máa bá a sọ ọ́. Bàbá, a ó wá ọjọ́ tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru la máa sọ ní ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀. Ẹ máa tajà o, ó dàbọ̀.